Ife Omi Àṣàkẹ́ ní Ekpè

Mo ti dé, ara mi le, mo sì ti sanra. Ọ̀rọ̀ ìsanra ni mo fi ṣáájú nítorí òun lẹ fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí mo ti sọ̀kalẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn kan tilẹ̀ bi mí bóyá iṣẹ́ ni mo bá lọ sí Kútọnu tàbí oúnjẹ. Iṣẹ́ ni mo bá lọ. Oúnjẹ ló pàdé mi lọ́nà, n kò sì jẹ́ kí ó kọjá lásán.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, oníṣẹ́ físíò ni mí ní ilé ìwòsàn kan nílé níbí. N kì í fúnni lóògùn, n kì í gúnni lábẹ́rẹ́. Ara tí kò gbọ́ràn ni mo máa ń bẹ̀, títí yóò fi gbọ́. Àwọn ọmọdé ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, pàápàá àwọn tí ọpọlọ wọn fara gbọgbẹ́ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sáyé tàbí kété lẹ́yìn ìbí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, kó tún máa fi yín rẹ́rìn-ín nínú, ṣùgbọ́n bí ó bá rán ọwọ́ rẹ̀ níṣẹ́, ọwọ́ á gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Ti òmíràn á le gan-an bí igi, ti òmíràn á máa gbọ̀n.

A gbọ́ pé sàǹtá kan wà ní Kútọnu tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àwọn ọmọ yìí, pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹ̀ wọ́n wò yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́dọ̀ tiwa, orúnkún la máa ń tẹ̀ wò bóyá ó nà, ẹsẹ̀ la máa ń fà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìbéèrè kan ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi ìyá ọmọ: láti ìgbà tó ti jí láàárọ̀ yìí, kí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní irú ìbéèrè wo nìyí, tó dà bí èyí tí aládùúgbò méjì ń bi ara wọn lẹ́nu ọ̀nà? Wọ́n ní kí n lọ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn kí n lọ wo bó ṣe rí.

Gbégamey

Ẹ jẹ́ kí n fo ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú mi, n kò sì ní nǹkan láti fi kún un ju pé mo kọjá. Lẹ́yìn ibẹ̀, òkun wà lápá òsì, igi àgbọn tò lọ bẹẹrẹ, afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń fẹ́ sí mi lójú, mo sì ń sọ fún ara mi pé èmi náà ti di ọmọ ìlú òkèèrè. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zẹmijáàn yí wa ká nínú ẹ̀wù yẹ́lò wọn bí ọ̀wọ́ ẹyẹ ẹ̀gà. A ti wọ Kútọnu.

Àdúgbò Gbégamey ni mo dé sí, nílé ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ físíò ní sàǹtá náà. Mùsíọ̀ Kòjó ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Gùn láti Àjàṣẹ́, ìyá rẹ̀ jẹ́ Nàgó láti Ṣakété, nítorí náà ó ń sọ Yorùbá geere, àmọ́ ó máa ń fi ẹnu Gùn ta á díẹ̀. Ó gba àpótí mi, ó ní "Bọ́nàrìvé," ó ní "Kúàbọ̀," ó tún ní "Ẹ kú àbọ̀," kí n lè mú èyí tó bá wù mí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

N kò tíì jókòó dáadáa tí ìyàwó rẹ̀, Dàdá Alísì, fi gbé ife omi dé. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó mu díẹ̀ nínú omi náà níṣojú mi, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Ẹ̀yin ẹ gba tèmi rò. Ìyá mi kọ́ mi láti kékeré pé n kò gbọdọ̀ gba omi lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀. Èyí tí n kò mọ̀ yìí sì tún ti fi ẹnu sí i. Mo gbé ìgò omi tí mo rà lọ́nà sókè, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Òùngbẹ kò gbẹ mí."

 Dàdá Alísì kò bínú, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó wà níbẹ̀ tòun ti ife lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta.

"Tàntí," ìyẹn àǹtí lẹ́nu tiwọn, ni Mùsíọ̀ Kòjó wí, ẹ̀rín sì ń jà á lẹ́nu, "ta ló bi yín nípa òùngbẹ?"

Ó wá là mí lọ́yẹ̀. Omi àlejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ òùngbẹ. Ẹni tó gbé e wá ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ọkàn àlejò lè balẹ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí àlejò bá ti mu ún, ó ti wọlé nìyẹn, onílé á wá bi í pé kí ló bá wá. A kì í bi ẹni tí kò tíì mu omi ní ohun tó gbé e dé.

"Bí ẹ kò bá mu ún," ó ní, "a ò ní lè bi yín ní ohun tí ẹ bá wá títí di ọdún tó ń bọ̀. Ìtìjú ni yóò sì jẹ́ fún mi, nítorí èmi ni mo pè yín."

Mo gba ife náà, mo mu ún tán. Ìgbà tí omi ń lọ lọ́fun mi ni mo rántí pé ìyá ìyá mi ní Ìkìrun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, kí ìgò omi tó dé, kí olúkúlùkù tó máa gbé tirẹ̀ sábẹ́ abíyá kiri. Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi tilẹ̀ ti rí i tẹ́lẹ̀ nílé wa, mo kàn gbàgbé ni. Dàdá Alísì dìde, ó bi mí pé ṣé dáadáa ni mo bá dé, ó sì gbé àmìwọ́ kalẹ̀, ìyẹn ọkà àgbàdo tí wọ́n fi ata, tòmátì àti omi adìyẹ rò. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ìsanra mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjà àti Títì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti rí láti jẹ́ àlejò láàárín àwọn ènìyàn tó jọ yín, ẹ lọ ra tòmátì ní ọjà Gbégamey. Mo fi Yorùbá bèèrè, wọ́n fi Faransé dáhùn. Mo wá Faransé díẹ̀ jáde, wọ́n fi Fọ̀n bá ara wọn sọ ọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń ta àbló, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n fi ooru omi sè, ló ṣàánú mi. Ó ní, "Nàgó Nàìjíríà, wá jókòó." Ó fún mi ní àbló kan jẹ. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè kọjá níwájú rẹ̀ láìjẹ ẹ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa wọn. Bí o bá kọsẹ̀ nínú yanrìn, tàbí ẹrù jábọ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹni tó wà lókèèrè á ké sí ọ pé, "Dúsìmáà!" Ohun tí Faransé fi ń sọ pé kí ènìyàn rọra ni, àmọ́ àwọn fi ń ṣe pẹ̀lẹ́ ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí á sọ ọ́, ọlọ́kadà tó ń sáré lọ á sọ ọ́. Mo ń kọsẹ̀ púpọ̀ nínú yanrìn wọn, nítorí náà gbogbo àdúgbò ló ń bá mi kẹ́dùn láàárọ̀ àti lálẹ́. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Sàǹtá

Sàǹtá náà kò tóbi. Ẹní wà nílẹ̀, àga kéékèèké wà níbẹ̀, abọ́, ṣíbí, bàtà, bọ́tìnnì àti aṣọ wà níbẹ̀ bí ẹni pé ilé ẹnì kan ni. Mo wá ibi tí wọ́n kó àwọn irinṣẹ́ ńlá sí, n kò rí i. Mùsíọ̀ Kòjó ní, "Ṣé irinṣẹ́ ńlá ni ọmọ fi ń wẹ ojú nílé tiyín?"

Iṣẹ́ wọn ni láti wo ọmọ nídìí àwọn ohun tí gbogbo ọmọ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́: kí ó bọ́ ẹ̀wù, kí ó bu oúnjẹ sẹ́nu, kí ó ti orí ẹní dé orí àga, kí ó jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n òun. Wọn kì í sọ pé ó ṣe é tàbí kò ṣe é lásán. Wọ́n á wo bí ìrànlọ́wọ́ tó gbà ṣe tó: ṣé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n bá a ṣe, ṣé ọwọ́ kan ló nílò, ṣé kí a kàn dúró tì í ni? Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n á tún wò ó. Bí ọmọ tó ń gba ìrànlọ́wọ́ ọwọ́ méjì bá ti ń gba ti ọwọ́ kan, ijó ni wọ́n máa ń jó níbẹ̀. Mo rí i tí Mùsíọ̀ Kòjó jó yí yàrá ká nítorí pé ọmọ kan fúnra rẹ̀ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe méjèèjì o.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Àṣàkẹ́. Ọmọ Nàgó ni, ó ti tó ọmọ tó yẹ kó máa kàwé, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí ohun tó ń kọjá tí kì í rí. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó jáde, nítorí náà kì í sábà sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan láàárín ìlú, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè lọ́hùn-ún, ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ ní Ekpè, létí òkun. Gbogbo ènìyàn ń pe ìyá àgbà náà ní Ìyá Pobẹ̀ nítorí Pobẹ̀ ló ti wá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó yára, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

Ohun tó wà nílẹ̀ fún Àṣàkẹ́ lọ́dún yìí kì í ṣe kékeré. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Ekpè tí ọ̀gá rẹ̀, Mádáàmù Dìrẹ̀tírìsì, ti gbà pé òun yóò mú un sí kíláàsì àkọ́kọ́ bí ó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mu omi, kí ó jẹun, kí ó sì lè bèèrè ohun tó fẹ́. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo àwọn ọmọ náà, kò sì lè máa fi ife sí ọmọ kan lẹ́nu. Ọdún tó kọjá ti lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóde ti ń kọ orúkọ wọn sára ògiri. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé bí ti ọdún yìí bá tún lọ, òun kò mọ ẹni tí yóò mú ọmọ tó ti ga ju àwọn ọmọ kíláàsì lọ.

A jókòó láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mùsíọ̀ Kòjó gbé ife omi síwájú rẹ̀, ó bèèrè pé, "Ta ló ń fún un lómi mu nílé?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Irọ́ ni," ni Ìyá Pobẹ̀ wí. "Èmi ni."

"Màmá, ó lè ṣe é. Mo rí i lọ́jọ́ ìsinmi."

"Ọjọ́ ìsinmi nìkan lo máa ń wà nílé. Èmi ló ń bá gbé lọ́jọ́ tó kù."

Kí a tó wí pé kí ni, Ìyá Pobẹ̀ ti gbé ife náà, ó ti gbé e sí ọmọ lẹ́nu, Àṣàkẹ́ sì ti mu ún tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣíbí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàtà. Ọwọ́ ìyá àgbà yìí yára ju ìbéèrè wa lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ní ó dà bíi pé ọmọ náà kò lè ṣe nǹkan kan.

Mùsíọ̀ Kòjó mi orí. "Tàntí, ohun tí ọmọ lè ṣe wà lọ́tọ̀, ohun tó ń ṣe wà lọ́tọ̀. A kò sì tíì mọ ìkankan nínú méjèèjì. Ìyá àgbà la yẹ̀ wò lónìí, ó sì yege." Ó ronú díẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ń gbọ́ Nàgó. Ẹ máa lọ wò ó ní Ekpè."

Ekpè

Ekpè dùn ún dé. Òkun ń hó lẹ́yìn ilé, wọ́n ń sá ẹja, ewúrẹ́ ń sùn lórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo ké àgò lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Pobẹ̀ fà mí wọlé, ó bu omi, ó tọ́ ọ wò, ó fún mi. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti gbọ́n. Mo mu ún, mo sì ní mo ti wọlé.

Àmọ́ bí ó ṣe ń gbé ife náà kọjá, mo rí Àṣàkẹ́ lórí ẹní. Ojú rẹ̀ tẹ̀lé ife náà láti ìdí àmù dé ọwọ́ mi. Nígbà tí ìyá àgbà rẹ̀ tọ́ omi náà wò, òun náà ká ètè rẹ̀ jọ, ó sì gbé omi tí kò sí níbẹ̀ mì.

Mo ní, "Ìyá, iṣẹ́ ta ni gbígbé omi fún àlejò nínú ilé yìí?"

"Ọmọbìnrin tó bá kéré jù ló ni ín. Iṣẹ́ tèmi ni ní Pobẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ náà ni kí ó tó lọ sílé ọkọ."

"Ta ló kéré jù báyìí?"

Ó wò mí. Ó wo Àṣàkẹ́. "Tàntí," ó ní, "ẹ jẹ́ ká jẹun."

Àkàsà ni, ìyẹn ẹ̀kọ tutù bíi tiwa, pẹ̀lú ẹja yíyan àti mọ́yọ̀, ata àti àlùbọ́sà tútù tí wọ́n fi òróró àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò. Ó bá mi tú ewé ẹ̀kọ, ó bá mi yọ egungun ẹja, ó bá mi bu ata sí i. Bí Mùsíọ̀ Kòjó bá yẹ èmi náà wò lọ́jọ́ náà, yóò ní n kò lè dá jẹun. Àṣàkẹ́ ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti mọ̀ pé ipò kan náà la wà.

Ìgbà tí a jẹun tán ni Ìyá Pobẹ̀ tó dá mi lóhùn.

"Ẹ ò mọ ẹnu àwọn ará ibí," ó ní. "Nígbà tí ọmọ yìí kò lè fa ọmú, èmi ni mo ń fi ṣíbí kán omi ọmú sí i lẹ́nu. Wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú. Mo da ara mi láàmú, ó yè. Tí wọ́n bá wá rí i tí mo ní kó máa bu omi, wọ́n á ní mo ti sọ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá di ọmọ ọ̀dọ̀. Mi ò lè gbọ́ ọ."

 Àánú rẹ̀ ṣe mí, ti ọmọ náà sì tún ṣe mí. Mo kàn mọ̀ pé àwọn èèyàn tó ń bínú sí ìyá tó ń fi ọmọ rẹ̀ ṣẹrú kò tíì rí ojú Àṣàkẹ́ nígbà tí ife kọjá lórí rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, èmi ń kọ́? Èmi kì í ṣe ará Ekpè. N kò mọ ẹnì kan tí mo lè lọ sọ fún. Ẹ jẹ́ kí ó fi èmi kọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Káfíńtà àdúgbò bá wa kan àga kékeré kan tó ní apá, èyí tí ẹsẹ̀ Àṣàkẹ́ ń tẹ ilẹ̀ dáadáa nínú rẹ̀, àti tábìlì tó ga tó ìgúnpá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọwọ́ nìkan ló ń gbé ife, ẹ dìde dúró sórí ẹsẹ̀ kan kí ẹ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Bí ìdí bá fìdí múlẹ̀ tí ìgúnpá sì rí ibi gbára lé, ọwọ́ á rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. A wá ife oníke etí méjì tí ìdí rẹ̀ fẹ̀. Mo ní kí a bu omi dé àbọ̀, Ìyá Pobẹ̀ yarí. A kì í fún àlejò ní àbọ̀ omi, ó ní. Bí ọmọ òun bá máa ṣe é, yóò ṣe é bó ṣe yẹ. Nítorí náà ife á kún dé ẹnu, ìdajì rẹ̀ á sì dà sí tábìlì, sí àyà, sí itan, kí ó tó dé ọwọ́ mi. Àbọ̀ náà ló kúkú ń dé.

Èmi ni àlejò. Màá jáde sí ẹ̀yìnkùlé, màá ké àgò, màá wọlé, màá jókòó, màá mu omi. Àṣàkẹ́ á ṣe ojú sí mi pé kí n tún lọ. Màá tún jáde. Ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí mi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí omi á máa mì nínú mi bí mo ṣe ń gun zẹmijáàn padà sílé. Ìyá Pobẹ̀ á máa ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra, nígbà mìíràn á jókòó lé wọn lórí, á sì máa sọ pé, "Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," fún ara rẹ̀, kì í ṣe fún ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn lójijì, ó ti gba ife náà kúrò kí ó tó ṣí i. Gbogbo bí Àṣàkẹ́ ṣe ń mọ̀ ọ́n ṣe, òde kò mọ̀.

Mádáàmù Dìrẹ̀tírìsì

Nígbà tí oṣù mẹ́ta mi ń parí lọ, Mùsíọ̀ Kòjó ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí ó má kàn gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa, kí ó lọ wo ọmọ náà nílé rẹ̀. Ó dá ọjọ́. Ìyá Àṣàkẹ́ gba àyè kúrò ní ọ́fíìsì. Èmi náà lọ, ọkàn mi kò sì balẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí: kò tíì sí àlejò gidi kankan tí ọmọ náà fún lómi.

Ìṣòro mìíràn tún wà tí n kò rò tẹ́lẹ̀. A kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò pàtàkì. Ìyá Pobẹ̀ ti ṣí i gbayawu láti àárọ̀, ó ti gbá iwájú ilé, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja sì ti jókòó lábẹ́ igi furúntù òdìkejì, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń to ẹja.

Mádáàmù Dìrẹ̀tírìsì dé. Obìnrin Kétu ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó kí gbogbo wa, ó jókòó. Kò wo Àṣàkẹ́ ju bí a ṣe ń wo ọmọ onílé lọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ìyá Pobẹ̀ ti wà nídìí àmù. Ó mú gíláàsì tó dára jù nílé, ó bu omi sí i, ó sì ń gbé e bọ̀. Mo wo ìyá Àṣàkẹ́, ìyá Àṣàkẹ́ wo ilẹ̀.

Bó ṣe dé ìdí tábìlì ọmọ náà ni Àṣàkẹ́ sọ̀rọ̀.

"Èmi," ó ní.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó sì pẹ́ kí ó tó jáde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Ìyá Pobẹ̀ dúró. Ó wo ìta. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ti gbàgbé ẹja. Ó yí padà, ó wọ inú lọ tòun ti gíláàsì, mo sì rò pé ó ti parí.

Ó jáde padà pẹ̀lú ife etí méjì. Ó ti kún dé ẹnu. Ó gbé e ka orí tábìlì níwájú ọmọ, ó bọ́ sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ mọ́ra.

Àṣàkẹ́ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ òtún rí etí ife, ti òsì lọ sí ibòmíràn, ó padà wá, ó rí tirẹ̀. Ó gbé e. Omi dà sí i láyà. Ó tọ́ ọ wò, ó gbé e mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà án lọ sọ́dọ̀ àlejò. Omi ń dà sí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nílùú tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ dúsìmáà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Èmi ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan mi kí wọ́n má baà sáré lọ ràn án lọ́wọ́. Mádáàmù Dìrẹ̀tírìsì na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó sì dúró. Kò nà án gùn kí ife lè tètè dé. Ó dúró títí ife fi bá a níbi tó wà.

Ó mu ún tán, ó ní, "Mèsí, ọmọ mi."

Ìyá Pobẹ̀ la ẹnu láti bèèrè ohun tó gbé àlejò dé, ó tún pa á dé. "Àṣàkẹ́," ó ní, "ìwọ lo fún wọn lómi. Bi wọ́n."

 Afẹ́fẹ́ òkun gba inú ilé kọjá.

"Kí... lẹ... bá wá?"

Mádáàmù Dìrẹ̀tírìsì gbé ife náà kalẹ̀ lórí tábìlì, ó sì dá a lóhùn bí a ṣe ń dá onílé lóhùn. "Ìwọ ni mo bá wá. Mo wá bèèrè bóyá wàá máa bá mi lọ sí lekọ́lù, ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí a bá wọlé."

Ìyá rẹ̀ kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ta tábìlì, a sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ló sọ. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ibi tí ojú mi wà.

Ìyá Pobẹ̀ ti bu omi mìíràn. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ọmọ, ó kún dé ẹnu, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tó ṣí gbayawu, ó sì gbé ohùn sókè kí àwọn ẹlẹ́ja lè gbọ́ ọ dáadáa.

"Àṣàkẹ́, ṣé o ò rí i pé àlejò kejì kò tíì mu omi ni?"

Òùngbẹ kò gbẹ mí rárá. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo sì dúró dè é.